Orí Keje: Ìpalẹ̀mọ́ Ìrìn Ẹsẹ̀ Nínú Igbó Ọba Orí Òkè

Ibi tí à ń lọ

Ẹni tó bá dúró ní Ilémọ̀nà tó wo yíká, ilẹ̀ tó tẹ́jú ni yóò pọ̀ jù lójú rẹ̀: oko ẹ̀gẹ́ àti ti iṣu, igi emi àti igi irúgbá, àti àpáta mélòó kan tó yọrí lọ́nà jíjìn. Àwa ará Ìbọ̀lọ́ mọ oko, a mọ ọ̀dàn, a sì mọ bí ilẹ̀ ṣe máa ń rí nígbà tí iná ẹ̀ẹ̀rùn bá ti jó koríko tán. Òkè gan-an ni a kò mọ̀. Nítorí náà ni a fi ya orí yìí sọ́tọ̀ fún un. Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni Gashaka-Gumti, igbó ọba tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà, níbi tí ìpínlẹ̀ Tàrábà àti Àdámáwà ti bá ilẹ̀ Kamẹrúùnù pààlà.

Lọ́dún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ so igbó ẹranko méjì pọ̀ di ọ̀kan níbẹ̀, lábẹ́ òfin kan náà tó sọ igbó Ọ̀yọ́ àtijọ́ di igbó ọba àpapọ̀. Abúlé méjì ló fún un lórúkọ, Gashaka ní Tàrábà àti Gumti ní Àdámáwà. Ó lé ní 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Igbó ọba Ọ̀yọ́ àtijọ́, tó jẹ́ 2,512, lè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí àyè sì tún kù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga tó nǹkan bí 450 mítà sí ojú òkun. Ibi tó ga jù níbẹ̀ ni Chappal Waddi, 2,419 mítà, kò sì sí òkè mìíràn ní Nàìjíríà tó ga jù ú lọ.

Ilẹ̀ yìí kò sí lára Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Jámánì ló kọ́kọ́ kà á mọ́ Kamẹrúùnù wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìbò tí àwọn ará ibẹ̀ dì ní 1961 ló sì mú un wá sọ́dọ̀ wa. Ìtàn yìí wúlò fún ẹni tó ń ṣètò ìrìn. Ilẹ̀ ààlà ni: ọ̀nà ọkọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀, ojú ọ̀nà tí àwọn darandaran àti oníṣòwò ń fẹsẹ̀ gbà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ló pọ̀. Ẹni tó bá ṣìnà lórí òkè náà lè bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ onílẹ̀ láìmọ̀, torí náà káàdì ìdánimọ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ẹnìkọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nínú àpò tí a fi sílẹ̀ ní àgọ́.

Ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo ètò

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ètò wọn láti orí ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Wọn á ní àwọn fẹ́ rí ìnàkí, àwọn fẹ́ ya fọ́tò lórí òkè tó ga jù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ibòmíràn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ máàpù sílẹ̀, ẹ fi ìka tẹ ibi tó jìnnà jù sí ọ̀nà ọkọ̀ nínú gbogbo ìrìn yín, kí ẹ sì bi ara yín pé: bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá ṣẹ́ níhìn-ín, wákàtí mélòó ni yóò gbà wá ká tó gbé e dé ibi tí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà ti lè gbà á lọ́wọ́ wa? Èsì ìbéèrè yìí ni yóò sọ iye ènìyàn tí ó yẹ kó lọ, iye ọjọ́, ìwọ̀n oúnjẹ, àti bóyá ìrìn náà yẹ ní lílọ rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ibi tó jìnnà jù náà jẹ́ kìlómítà 18 sí ọ̀nà ọkọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè rìn ín láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Ṣùgbọ́n àwọn tó ru ènìyàn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, lójú ọ̀nà tí kò gba ẹni méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò yẹ kí a ṣírò ju kìlómítà kan fún wọn ní wákàtí kan. Wákàtí 18 nìyẹn. Ojúmọmọ kò tó wákàtí 12 lásìkò ọyẹ́, nítorí náà ọjọ́ méjì ni wọn yóò lò, pẹ̀lú òru kan láàárín. Ẹni mẹ́rin ló ń ru ibùsùn aláìsàn lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì lè rù ú ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí àwọn mìíràn tó gbà á. Èyí di ẹni mẹ́jọ. Ẹni méjì gbọ́dọ̀ ṣáájú lọ wá ìrànlọ́wọ́, nítorí a kì í rán ẹnì kan ṣoṣo. Ó ti di mẹ́wàá, a kò tíì ka aláìsàn fúnra rẹ̀ mọ́ wọn. Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó bá wọ irú ibẹ̀ láìsí aṣọ́gbó àti aláàárù kò lè gbé ara wọn jáde. Ìjàkadì ni Ọ̀fà tó múlé gbè wá fi lókìkí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbé òkè ṣánlẹ̀.

Àwọn méjì tó ń lọ wá ìrànlọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mú ìwé lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ẹni tó ti sáré kìlómítà 18 kì í rántí nǹkan dáadáa. Ibi tí aláìsàn wà lórí máàpù, ohun tó ṣe é, aago tó ṣẹlẹ̀, oògùn tí wọ́n ti fún un, iye ènìyàn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti oúnjẹ tó kù fún wọn ni kí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò sí ní ibi púpọ̀ nínú igbó náà. Bí ẹgbẹ́ bá rí fóònù tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ yá, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ètò tó bá dúró lórí bátìrì kan ṣoṣo kì í ṣe ètò.

Ìgbà tó yẹ ká lọ

Òjò ló ń pàṣẹ ní Gashaka-Gumti. Láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí wọ oṣù Kọkànlá ló ń rọ̀. Ní apá àríwá igbó náà ó máa ń tó 1,200 mìlímítà lọ́dún, ní apá gúúsù ó lè sún mọ́ 3,000. Omi yìí ló ń di odò Kam, Gamgam àti àwọn mìíràn tó ń ṣàn lọ bá odò Tàrábà, tí Tàrábà ń gbé lọ sínú odò Bẹ́núé. Afárá kò tó nǹkan. Odò tí omi rẹ̀ kò kọjá orókùn lóṣù Kìíní lè gbé màlúù lọ lóṣù Kẹsàn-án, ẹgbẹ́ tó bá sì ti sọdá lè rí i pé òjò alẹ́ kan ti dí ọ̀nà àbọ̀ mọ́ àwọn. Ẹ padà sí ìbéèrè wa ìṣáájú: bí odò tó kún bá wà láàárín aláìsàn àti ọ̀nà ọkọ̀, wákàtí 18 yẹn kò níye mọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí á lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá ní ìpele tirẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni mo fara mọ́ jù: odò ti fà, ìsun orí òkè kò tíì gbẹ, eruku ọyẹ́ kò sì tíì bo òkè lójú. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé koríko ṣì ga ju orí ènìyàn lọ, ìdánwò sáà àkọ́kọ́ kì í sì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ráyè. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ńkọ́? Ọkọ̀ a ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ a sì ga. Oṣù Kìíní ló sábà ń kù fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ó sì dára bí ẹgbẹ́ bá mọ ohun méjì nípa rẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn darandaran máa ń finá sí koríko kí tútù lè hù fún màlúù wọn, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pàgọ́ sáàárín koríko gbígbẹ. Ilẹ̀ tó ti jó tán tàbí etí odò ni ibi àgọ́. Èkejì, ọyẹ́ lè mú kí òkè tí à ń fi ṣe àmì ọ̀nà pòórá pátápátá lọ́sàn-án gangan. Ẹni tí kò bá lè fi kọ́ńpáàsì rìn ti sọnù nìyẹn. Nígbà tí oṣù Kẹta bá fi ń parí, àrá àkọ́rọ̀ òjò ti bẹ̀rẹ̀, orí òkè tí kò ní igi sì ni ibi tó burú jù láti pàdé àrá.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará ọ̀dọ̀ wa kì í ronú kàn. Gashaka fi nǹkan bí ìwọ̀n lóńgítúùdì méje wà ní ìlà-oòrùn sí Ilémọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin ni ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú ìrìn oòrùn, torí náà oòrùn máa ń fi bí ìdajì wákàtí yára wọ̀ níbẹ̀ ju tiwa lọ, bẹ́ẹ̀ aago kan náà la jọ ń lò. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ alẹ́ Ilémọ̀nà yóò rò pé àyè ṣì wà, òkùnkùn á sì ká a mọ́nà.

Bí a ṣe ń ṣírò ọ̀nà orí òkè

Lọ́dún 1892, ará Sikọ́tílándì kan tó ń jẹ́ William Naismith gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí àwọn arìnkè ṣì ń lò káàkiri ayé. Wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún. Kí a tún fi wákàtí kan kún un fún 600 mítà tí a bá gùn sókè. Máàpù ló ń fún wa ní iye méjèèjì. Jíjìn rẹ̀, a ó fi okùn tín-ín-rín tẹ̀ lé kọ́lọkọ̀lọ ọ̀nà náà, ká sì fi wé òṣùwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ máàpù. Gíga rẹ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó yí òkè ká la ó kà. Gbogbo ibi tí ìlà kan gbà kọjá ló ga bákan náà sí ojú òkun. Níbi tí àwọn ìlà bá ti sún mọ́ra wọn, ibẹ̀ ló dà gọ̀ǹgọ̀, níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ibẹ̀ ló tẹ́.

Ká mú ìrìn ọjọ́ kan tó jẹ́ kìlómítà 14, tí a ó sì gun 900 mítà. 14 tí a fi 5 pín jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 48. 900 tí a fi 600 pín jẹ́ wákàtí 1 àti ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 18. Ṣùgbọ́n Naismith kò rin ẹ̀ẹ̀rùn Nàìjíríà pẹ̀lú ẹrù kìlógíráàmù 15 lẹ́yìn. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un, fún oòrùn, ẹrù, ìsinmi àti odò tí a ní láti bọ́ bàtà sọdá. Ó di wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 27. Bí ẹgbẹ́ bá gbéra ní aago méje àárọ̀, wọn yóò dé àgọ́ ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán. Ètò tó dára gbọ́dọ̀ mú ènìyàn dé àgọ́ kí aago mẹ́ta tó lù. Ọjọ́ tí ìṣirò rẹ̀ bá kọjá ìyẹn, ẹ pín in sí méjì. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó yára.

Ẹni tó lọ́ra jù nínú ẹgbẹ́ ni kí a fi ṣe òṣùwọ̀n, kí ó sì máa rìn níwájú, lẹ́yìn aṣọ́gbó. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kì í fẹ́ràn òfin yìí.

Òtútù àti ẹrù

Bí a bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i, ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 Sẹ́síọ́ọ̀sì fún 1,000 mítà. Láti ìsàlẹ̀ Gashaka-Gumti dé orí Chappal Waddi jẹ́ 1,969 mítà. Ẹ fi 6.5 sọ 1,969 di púpọ̀, kí ẹ sì fi 1,000 pín in: ó jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 13. Bí òru ìsàlẹ̀ bá jẹ́ ìwọ̀n 20, ti òkè yóò jẹ́ bíi 7, kí a tó wá ka atẹ́gùn mọ́ ọn. Òtútù tí à ń pè ní òtútù ní Ilémọ̀nà, ìyẹn ti ìdájí ọyẹ́, kò dé ibẹ̀. Súwẹ́tà onírun, fìlà tó bo etí, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ méjì àti aṣọ òjò di dandan. Aṣọ òwú tó bá ti tutù lára kò ní mú ooru kankan wá mọ́, nítorí náà èyí tí ènìyàn yóò fi sùn gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rá kí omi má baà kàn án. Àìsàn ibi gíga, tó ń mú kí orí máa fọ́ àwọn tó ń gun òkè Kamẹrúùnù, kì í sábà bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó kọjá 2,500 mítà. A kò ní fi èyí da ara wa láàmú níhìn-ín.

Ẹrù ẹnìkọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdámẹ́rin ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60 kò ní rù ju 15 lọ. Arìnkè ń jó nǹkan bí 3,200 kálórì lójúmọ́, oúnjẹ gbígbẹ sì ń fúnni ní bíi 400 nínú 100 gíráàmù, èyí tó jẹ́ pé 800 gíráàmù ni ènìyàn yóò jẹ lọ́jọ́ kan. Fún ọjọ́ mẹ́fà, kìlógíráàmù 4.8 ni. Omi lítà mẹ́ta jẹ́ 3, àpò ìsùn àti ẹní, 2, aṣọ, 2, ìpín tirẹ̀ nínú àgọ́, 1.5, ìkòkò, oògùn àti tọ́ọ̀ṣì, 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14.3. Kò sí àyè fún ṣòkòtò jíǹsì kejì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fún àwo tánganran tí màmá rẹ̀ ní kó mú dání.

Ọjà Ọ̀fà ní oúnjẹ òkè tó pọ̀ ju èyí tí ilé ìtajà aláràbarà ń tà lọ. Kúlíkúlí àti dọ̀ǹkùwà lágbára nínú, wọn kì í bàjẹ́, a kò sì ní dáná kí a tó jẹ wọ́n. Gààrí dára, bí omi bá wà. Èlùbọ́, ẹja gbígbẹ, kílíṣí, ẹ̀pà yíyan, gbogbo wọn ló fúyẹ́. Ẹ̀wà nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ní 2,400 mítà, omi máa ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 92 dípò 100, ẹ̀wà tó ń gba wákàtí kan àti ààbọ̀ nílé yóò sì jẹ gáàsì ọjọ́ mẹ́ta lórí òkè kó tó rọ̀. Igi gígé kò sí nínú ohun tí òfin igbó ọba gbà, nítorí náà sítóòfù kékeré ni a ó fi dáná.

Omi, kòkòrò àti ejò

Omi orí òkè mọ́ lójú, ó sì tutù lẹ́nu, ṣùgbọ́n màlúù ń mu ún lókè ibi tí ẹ ti ń bu. Ẹ sè é. Ìṣẹ́jú kan tó hó kudukudu tó ní ìsàlẹ̀. Tí a bá ti kọjá 2,000 mítà, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru mú nílé, ilé-ìwòsàn wà nítòsí. Ní kìlómítà 18 sí ọ̀nà, ó ti di ẹni tí wọn yóò rù.

Kòkòrò dúdú kéékèèké tó ń gbé etí odò tó ń sáré ló ń gbé àrùn ojú fífọ́ kiri ní apá ibẹ̀. Apá àti ẹsẹ̀ ni kí a bò, kí a má sì jókòó gbafẹ́ sí etí omi lọ́sàn-án. Oògùn tó ń dènà ibà, ọwọ́ dókítà ni kí a ti gbà á ṣáájú ìrìn, kí a sì máa lò ó títí lẹ́yìn àbọ̀ bí dókítà bá ṣe wí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà apọ́njú àti ti àrùn ipá jẹ́ ohun tí a ó ti gbà kó tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní ti ejò, paramọ́lẹ̀ ọ̀dàn ni ká bẹ̀rù jù, nítorí kì í sá fún ẹsẹ̀. Bàtà tó bo kókósẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, àti kí a má ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tí ojú kò rí. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, a kò ní sín in ní gbẹ́rẹ́, a kò ní fi ẹnu fa oró, a kò ní fi okùn so ó pinpin, a kò sì ní fi òkúta dúdú lé e. Gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe nílé, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́, òmíràn nínú wọn ló sì ń sọ ẹsẹ̀ di gígé. Kí a dá ẹsẹ̀ náà dúró bí èyí tó ṣẹ́, kí ẹni náà má rìn, kí a gbé e lọ síbi tí oògùn ejò wà. Ilé-ìwòsàn Kaltungo ní ìpínlẹ̀ Gòmbè ló lókìkí jù fún irú ìtọ́jú yìí ní gbogbo àríwá ìlà-oòrùn, ó sì jìnnà sí Serti, ìlú tí olú ilé-iṣẹ́ igbó ọba náà wà. Kí ẹ tó wọ igbó, ẹ béèrè ilé-ìwòsàn tó ní oògùn náà lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ìdáhùn ọdún tó kọjá kò wúlò.

Àwọn tó ni ibẹ̀

Serti ni olú ilé-iṣẹ́ igbó ọba náà wà, lábẹ́ àjọ National Park Service. Ibẹ̀ la ti ń gba ìwé àṣẹ, tí a ń san owó ìwọlé, tí wọ́n sì ń fún wa ní aṣọ́gbó tí yóò bá wa rìn. Kò sí ẹgbẹ́ tó gbọ́dọ̀ wọlé láìsí aṣọ́gbó. Lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ wọn ní oṣù méjì ṣáájú, kí ètò náà sì ní àyè fún ìdáhùn tí kò tẹ́ni lọ́rùn. Bí ọ̀gá ibẹ̀ bá ní apá kan kò ṣeé lọ nítorí àwọn ajínigbé tàbí apẹran, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹ má ṣe wá ẹlòmíràn tí yóò mú yín gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Àwọn Fúlàní darandaran wà nínú igbó náà kó tó di igbó ọba, ìjọba sì fi àyè sílẹ̀ fún abúlé wọn mélòó kan lórí òkè. Ojúde wọn ni ẹ ó ti máa sinmi, omi wọn ni ẹ ó máa bu, màlúù wọn ló sì la púpọ̀ nínú ojú ọ̀nà tí ẹ ó tọ̀. Yorùbá kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Èdè Fúlàní ni àti Haúsá. Ọ̀nà wà láti kọ́ ọ láìkúrò nílé. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń kiri wàrà láàárín Ilémọ̀nà àti Ọ̀fà ń sọ èdè kan náà, bí ahọ́n wọn tilẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ lọ bá wọn, ẹ ra wàrà wọn, ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà láàárọ̀. Ndiyam ni omi, laawol ni ọ̀nà, kosam sì ni wàrà tí ẹ ń rà náà. Ẹgbẹ́ tí ẹni méjì nínú rẹ̀ bá lè béèrè ọ̀nà fúnra wọn ti bọ́ nínú ìṣòro púpọ̀. Tí ẹ bá dé abúlé, ọ̀dọ̀ baálé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó pàgọ́, kí ẹ tó yọ fóònù láti ya fọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ẹranko

Ìnàkí tó wà ní Gashaka-Gumti jẹ́ ti ẹ̀yà kan tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, òun ló sì ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀yà ìnàkí. Láti ọdún 2000 ni Volker Sommer ti yunifásítì University College London ti dá iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀ lórí wọn, tí wọ́n sì kọ́ ibùdó sí Kwano nínú igbó náà. Ẹni tó bá lọ fún ọ̀sẹ̀ kan lè máà rí ìnàkí kankan. Ohùn wọn àti ìtẹ́ tí wọ́n fi ewé tẹ́ sórí igi láti sùn ni yóò rí. Kí ètò yín má dúró lórí rírí wọn. Bí ẹ bá sì rí wọn, mítà mẹ́wàá ni ó kéré jù tí ẹ fi gbọ́dọ̀ jìnnà, ẹni tó ń wúkọ́ tàbí tó ń fọn ikun kò sì gbọ́dọ̀ bá wọn lọ síbẹ̀ rárá, nítorí ọ̀fìnkìn tí kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lára wa lè pa odidi agbo ìnàkí.

Edun, tí a fi ń ki ìbejì nílẹ̀ Yorùbá, wà níbẹ̀ nínú igbó tó ṣú lẹ́bàá odò, dúdú àti funfun lára, ìrù gígùn. Ní ibi tí a ti pa edun tán nínú igbó wa nílé, oríkì nìkan ló kù.

Ẹfọ̀n ni ẹranko tí aṣọ́gbó ń ṣọ́ra fún jù. Kì í ṣe pé ó ń wá ènìyàn kiri. Bí a bá já lù ú lójijì nínú koríko gíga ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa sọ̀rọ̀ sókè bí ẹ bá wà nínú koríko, ẹ má tẹ ohùn sílẹ̀ bí ọdẹ. Ìyàtọ̀ wa àti ọdẹ nìyí: ọdẹ kò fẹ́ kí ẹran gbọ́ òun.

Láti Ilémọ̀nà dé Serti

Ojú irin tó gba Ọ̀fà kọjá kò lọ síbi tí à ń lọ. Ọ̀nà ilẹ̀ gba Ọ̀mù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀, Kàbbà àti Lọ́kọ́ja. Láti ibẹ̀ ó kan Makurdi, Wukari, Mutum-Biyu àti Bali kó tó dé Serti. Ọjọ́ méjì ni kí a fún un, kí a má sì rìn lóru rárá. Àwọn kan máa ń wọ bàálù láti Abuja dé Yola, wọn á sì gba Jalingo sọ̀ kalẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀, àárẹ̀ rẹ̀ kéré. Ọ̀nà yòówù kí a tọ̀, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ wà fún ìsinmi ní Serti.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbó. Ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́ tẹ́jú jù fún èyí, nítorí náà kí ẹgbẹ́ lọ gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè pẹ̀lú ẹrù gidi lẹ́yìn, kí wọ́n sì sùn mọ́jú pẹ̀lú aṣọ́gbó nínú igbó ọba Ọ̀yọ́ àtijọ́. Bàtà tuntun tó máa ta ènìyàn lẹ́sẹ̀, Ìdànrè ni kí ó ti ta á. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn oorun àgọ́, á ti mọ̀ níbẹ̀.

Ìwé kan ló kù tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ nílé, lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí kò bá wọn lọ. Orúkọ gbogbo ènìyàn, irú ẹ̀jẹ̀ wọn àti àìsàn tí wọ́n ń tọ́jú, ojú ọ̀nà lójúmọ́ lójúmọ́, ibi tí wọn yóò sùn, nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ igbó ọba ní Serti. Ọjọ́ méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọn yóò jáde, àti ọjọ́ kejì sí i. Bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn bá lù tí a kò gbúròó wọn, kí olùkọ́ pe Serti láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí àwọn òbí mọ̀ nípa ọjọ́ méjèèjì, kí fóònù wọn má baà dá ìpayà sílẹ̀ nígbà tí kò tíì tó.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ rin kìlómítà 17, wọn yóò sì gun 1,050 mítà lọ́jọ́ kan. Ẹ lo ìṣirò Naismith, kí ẹ fi ìdajì kún un. Bí wọ́n bá gbéra ní aago méje àárọ̀, aago mélòó ni wọn yóò dé? Ṣé ó yẹ kí a fọwọ́ sí ètò wọn?

2. Ooru ọ̀sán jẹ́ ìwọ̀n 31 ní abúlé tó ga tó 500 mítà. Kí ni yóò jẹ́ ní àgọ́ tó ga tó 1,900 mítà?

3. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọn kìlógíráàmù 48. Ẹ to ẹrù ọjọ́ márùn-ún fún un láìkọjá ìwọ̀n tó tọ́ sí i. Kí ni ẹ yọ kúrò, ta ni yóò sì bá a rù ú?

4. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ọdẹ àgbà kan ní àdúgbò yín, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mọ ọ̀nà padà sílé nígbà tí ọyẹ́ bá bo ojú ilẹ̀. Ẹ kọ èsì wọn sílẹ̀, kí ẹ sì jíròrò ní kíláàsì èyí tó lè ṣiṣẹ́ lórí òkè nínú rẹ̀ àti èyí tí kò lè ṣiṣẹ́.

5. Ẹ tún ìṣirò ibi tó jìnnà jù ṣe fún ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́fà, níbi tó jẹ́ kìlómítà 9 sí ọ̀nà ọkọ̀, tí odò kan sì wà láàárín.